Texas: ta ló ń ṣe kí ni ní káúńtì yìí gan-an? Ẹ bá mi là á, mo ti rìn títí

ÌyáÀdùkẹ́ kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsimi o. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. A ra ilé ní Texas níbí, lẹ́yìn Houston, oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá la kó wọ ibẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ látìgbà tí a ti kó dé ni ìwé ti ń wọlé lóríṣiríṣi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, mi ò mọ èyí tí mo máa gbé lọ síbo. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n tètè lọ ṣe homestead, ìyẹn ètò tó ń yọ apá kan kúrò nínú iye ilé tí èèyàn ń gbé, kí owó orí ilé wa lè wálẹ̀, ó ní káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ níbí, ni kí n lọ. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nílé àwọn arúgbó, mo ṣíwọ́ láàárọ̀, mi ò sùn, mo wakọ̀ lọ tààrà síbi tí wọ́n kọ Tax Office sí lára, mo tò sórí ìlà fún bíi wákàtí méjì, nọ́ńbà mi kàn, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi, ó dá a padà, ó ní ibí kọ́, appraisal district ni. Mo ní ṣebí owó orí ilé náà kọ́ ni ẹ̀yin ń gbà ni? Ó ní àwọn ló ń gbà á, àmọ́ homestead kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Kò júwe ibẹ̀ fún mi, ó ti pe nọ́ńbà tó kàn. Mo jókòó sínú mọ́tò, omi lé sí mi lójú.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, ó lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ìwé, wọ́n ní kó lọ síbòmíì. Ọkọ mi ra Camry lọ́wọ́ ẹnì kan, ìwé mọ́tò ọ̀hún ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á. Lẹ́tà jury, èyí tó ń pe aráàlú wá bá kọ́ọ̀tù jókòó gbọ́ ẹjọ́, tún wá lórúkọ ọkọ mi yìí kan náà, bẹ́ẹ̀ green card ló ní, ẹ̀rù bà á, ó ní ká ya lẹ́tà náà ká dà á nù. Lẹ́tà míì tún dé tó ní àmì idì lórí bíi ti ìjọba, ó ní ká san owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là ká tó lè gba ẹ̀dà ìwé ilé wa.

Mo wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí County Judge, County Clerk, District Clerk, Tax Assessor-Collector, Sheriff, Constable, Auditor, Treasurer, orí mi dàrú. Ta ni ọ̀gá láàárín gbogbo wọn? Ṣé kò sí ibì kan ṣoṣo tí èèyàn lè wọ̀ kí wọ́n sọ fún un pé ibi báyìí ni kó gbà?

Àgbà_Káńtà fèsì pé:

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yìn káńtà yẹn gan-an lèmi wà fún ọdún 11, ní ọ́fíìsì County Clerk ní káúńtì kan níbí ní Texas, kò sí ọjọ́ tí a kì í dá èèyàn padà torí pé ọ̀nà ni wọ́n ṣì, ó sì máa ń dun èmi náà, pàápàá tí mo bá rí ẹni tó pọn ọmọ wá tàbí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ tí oorun wà lójú ẹ̀ bíi tiyín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ bi gbẹ̀yìn torí òun ló máa la gbogbo ìyókù. Kò sí ọ̀gá. Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí Texas ń lò dòní, 1876 ni wọ́n gbà á wọlé, ojú àwọn tó kọ ọ́ sì ti rí màbo lọ́wọ́ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọn ò fẹ́ kí agbára pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́, ni wọ́n bá pín in sí wẹ́wẹ́, wọ́n gbé ìwé fún ẹnì kan, wọ́n gbé owó gbígbà fún ẹlòmíì, wọ́n gbé ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ẹlòmíì, aráàlú ló sì ń dìbò yan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, kálukú wá ń jẹ́ orí ara ẹ̀. Ẹni tó wà ní Tax Office ò lè bá mi ṣiṣẹ́ mi, èmi náà ò lè bá a ṣe tiẹ̀, kódà ká jọ wà nínú ilé kan náà, kí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà. Ọmọbìnrin yẹn ò purọ́ fún yín. Àmọ́ ó yẹ kó júwe ibẹ̀ fún yín, ìyẹn ò ní kó má pe nọ́ńbà tó kàn.

County Judge tí ẹ rí yẹn, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn ṣì yín lọ́nà. Òun ni alága Commissioners Court, òun àti kọmíṣọ́nà mẹ́rin, èèyàn márùn-ún ni gbogbo wọn, wọ́n ń pè é ní court bẹ́ẹ̀ ìpàdé ìṣàkóso ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìṣúná owó, iye ìdá tí káúńtì máa gbà nínú owó orí ilé, títì, afárá, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní káúńtì kéékèèké, County Judge ṣì máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ lóòótọ́, àmọ́ ní àwọn tó tóbi bíi Harris, ìṣàkóso ló gba gbogbo àkókò ẹ̀, òfin ò tiẹ̀ ní kó jẹ́ lọ́yà. Agbára tí àwọn márààrún ní ni pé àwọn ló di ẹnu àpò owó mú. Wọ́n lè dín owó tí Sheriff bèèrè kù, wọn ò lè lé Sheriff lọ. Káúńtì 254 ló wà ní Texas, ìlànà yìí kan náà sì ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, látorí Loving County tí èèyàn 64 péré wà níbẹ̀ nígbà ìkànìyàn 2020, títí dé Harris tí tiẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4.7 nínú ìkànìyàn kan náà.

Tí ẹ bá ń gbé níta ìlú, ìyẹn ibi tí kò sí abẹ́ mayor kankan, tí ojú títì yín bá gbẹ́ kòtò, kọmíṣọ́nà tó ni precinct yín, ìyẹn ẹkùn tí ẹ wà nínú káúńtì, lẹ máa pè, ọ́fíìsì ẹ̀ ló ń tún títì ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa tó ra ilé sápá Katy àti Richmond lẹ́yìn Houston ni adírẹ́sì wa ń jẹ́ orúkọ ìlú bẹ́ẹ̀ a ò sí nínú ìlú, èèyàn á máa pe ọ́fíìsì ìlú lórí kòtò fún oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn.

Ó wá kan ọ́fíìsì tèmi. County Clerk, ìwé ni iṣẹ́ ẹ̀. Ìwé ilé àti ilẹ̀, ìwé gbèsè tó wà lórí ilé, ìwé ìgbéyàwó, orúkọ òwò ẹni tó ń dá ṣòwò láìní kọ́ńpìnnì, ìwé ogún àti wíìlì tó dé kọ́ọ̀tù, àkọsílẹ̀ ìpàdé Commissioners Court pẹ̀lú. Àwọn èèyàn rò pé a máa ń yẹ ìwé wò bóyá òótọ́ ni. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹnì kan gbé deed dé, ìyẹn ìwé tó ń gbé ilé láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíì, a máa wò ó bóyá ẹni tó buwọ́ lù ú fi ọwọ́ ara ẹ̀ buwọ́ lù ú, tí kì í ṣe fọ́tòkọ́pì, bóyá nótárì lu òǹtẹ̀ sí i, bóyá adírẹ́sì ẹni tó ń gba ilé wà níbẹ̀, bóyá ó ṣeé kà. Tó bá ti pé, a gba owó, ẹ̀rọ tẹ ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti nọ́ńbà sójú ìwé, a ya àwòrán ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a fi ojúlówó ẹ̀ ránṣẹ́ padà. Látìgbà yẹn lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ìwé náà wà. Iṣẹ́ wa ò kọjá ibẹ̀.

Mi ò lè gbàgbé obìnrin kan. Ìyá ẹ̀ ti kú, ilé ìyá yẹn wà níbẹ̀, ó wá rí i pé ẹnì kan tí òun ò mọ̀ rí ti fi deed sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa pé ìyá náà ta ilé fún òun, ọjọ́ tó wà lórí ìwé sì ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá. Ó gbé ìwé ikú lé káńtà, ó ń bẹ̀ mí pé kí n fa deed yẹn ya. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò lè fà á ya, County Clerk gan-an ò lè fà á ya, adájọ́ nìkan ló lè sọ pé ìwé náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe, mo tẹ ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ fún un, mo kọ nọ́ńbà ọ́fíìsì District Attorney, lọ́yà ìjọba tó ń gbé ọ̀daràn lọ sí kọ́ọ̀tù, sẹ́yìn ẹ̀, mo ní kó tọ lọ́yà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ káúńtì ló ní ètò ọ̀fẹ́ kan báyìí, ẹ máa fi orúkọ yín sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, tí ìwé kankan bá wọlé lórúkọ yín, wọ́n á fi tó yín létí. Ẹ ṣe é lónìí, ẹ má dúró dọ̀la.

Lẹ́tà àmì idì yẹn, kì í ṣe ìjọba ló kọ ọ́. Deed yín ti wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè rí orúkọ àti adírẹ́sì yín níbẹ̀, àwọn kan á wá kọ lẹ́tà sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀dà deed lọ́dọ̀ County Clerk, $1 ni ojú ìwé kan, tí ẹ bá fẹ́ òǹtẹ̀ sí i, ẹ fi $5 kún un. Deed ọ̀pọ̀ èèyàn ò ju ojú ìwé mẹ́ta mẹ́rin lọ.

Ti àbúrò yín, County Clerk ló ń fún èèyàn ní marriage license. Kí òun àti ìyàwó ẹ̀ jọ lọ, kí kálukú mú ID dání. Tí wọ́n bá gbà á tán, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 72 kí pásítọ̀ tàbí adájọ́ tó so wọ́n pọ̀, tí ọjọ́ 90 bá sì kọjá, ìwé náà ti kú, àfi kí wọ́n tún gba òmíràn. Káúńtì èyíkéyìí ní Texas ni wọ́n ti lè gbà á, kí wọ́n sì lò ó ní òmíràn. Lẹ́yìn ayẹyẹ, kí ẹni tó so wọ́n pọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí i kó dá a padà sọ́dọ̀ Clerk láàárín ọjọ́ 30, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ pásítọ̀ wa ti máa ń gbàgbé, ìwé á wà nínú Bíbélì pásítọ̀, ọkọ àti ìyàwó á wá máa wá marriage certificate tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé ìgbélùú, kò ní sí.

Àwọn méjì tí èèyàn máa ń gbé fún ara wọn ni County Clerk àti District Clerk. District Clerk ló ń tọ́jú ìwé kọ́ọ̀tù ńlá, ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wúwo, ìkọ̀sílẹ̀, owó ìtọ́jú ọmọ. Lọ́dọ̀ County Clerk lẹ ti ń gba ìwé ìgbéyàwó, lọ́dọ̀ District Clerk ni wọ́n ti ń tú u. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nìyẹn.

Tọ́pẹ́_Sítísìn fèsì pé:

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya lẹ́tà jury yẹn o!! Wọ́n ń mú orúkọ látinú ìwé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò àti látinú ìwé àwọn tó ní láísẹ́ǹsì mọ́tò tàbí ID ti Texas, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní green card. Ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kì í ṣe sítísìn ò lè jókòó ṣe jury. Kí bọ̀dá wa wo inú fọ́ọ̀mù yẹn, ibi kan wà tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí èèyàn ò fi kúnjú òṣùwọ̀n, kó sọ òótọ́ níbẹ̀ pé òun kì í ṣe sítísìn, kó buwọ́ lù ú, kó dá a padà fún ọ́fíìsì tí orúkọ ẹ̀ wà lórí lẹ́tà, District Clerk ló sábà máa ń jẹ́. Kó ya fọ́tò ẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Tó bá dákẹ́, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa fi sọ́kàn nìyí: ní Tax Office tàbí níbi tí a ti lọ gba láísẹ́ǹsì, wọ́n lè bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì Texas, Tax Assessor-Collector yìí kan náà ló ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀, àwọn káúńtì kan ló ní elections administrator tiwọn. Tí ẹ ò bá tíì búra di sítísìn, ẹ ní rárá. Ẹ má sáré fi àmì síbi tí wọ́n kọ sítísìn sí nítorí kí ìlà lè tètè lọ. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe é láìmọ̀, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà nígbà tó fẹ́ di sítísìn ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù yẹn jáde níwájú ẹ̀, owó lọ́yà tó ná lórí ẹ̀ ò kéré, ọkàn ẹ̀ ò sì balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Adúnní_Katy fèsì pé:

Mama Àdùkẹ́, ẹ fi ti owó orí ilé sílẹ̀ fún mi torí mo ti já a. Ọwọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ ẹ má pa wọ́n pọ̀. Appraisal district ló ń sọ iye tí ilé yín tó, àwọn náà ló ń gba fọ́ọ̀mù homestead. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń sọ ìdá tí wọ́n máa gbà, káúńtì wà níbẹ̀, school district wà níbẹ̀, ìlú tí ẹ bá wà nínú ìlú, àwọn tó ń bójú tó omi pẹ̀lú, kálukú ló ń gé tiẹ̀, ti school district ló sábà máa ń tóbi jù. Tax Assessor-Collector ló wá gbẹ̀yìn, òun ló ń kó bíìlì jọ tó ń gba owó. Orúkọ ẹ̀ ló ń tan wá, wọ́n pè é ní assessor, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ń díye lé ilé mọ́, òfin 1979 ló gbé ìyẹn kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Appraisal district gan-an kì í ṣe apá kan káúńtì, ó dá dúró, ó ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀, látọdún 2024 a sì ti ń dìbò yan mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án yẹn láwọn káúńtì tí èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa jáde dìbò náà, èèyàn kì í pọ̀ níbẹ̀ rárá.

Homestead, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun lówó kóun bá yín ṣe é, ẹ má fún un. Orí íntánẹ́ẹ̀tì appraisal district káúńtì yín lẹ máa ti ṣe é, ẹ máa ní láísẹ́ǹsì mọ́tò tí adírẹ́sì orí ẹ̀ bá ti ilé yẹn mu. Tí adírẹ́sì àtijọ́ bá ṣì wà lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá a padà, ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀ ná, DPS ló ń ṣe ìyẹn, ti ìpínlẹ̀ ni, káúńtì ò mọ̀ sí i. Gbèdéke ẹ̀ ni kó tó di May 1, tí ẹ bá sì pẹ́, wọ́n ṣì lè gbà á, kí ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Ó ṣe pàtàkì o, oṣù kọkànlá 2023 ni wọ́n dìbò gbé iye tí homestead ń yọ kúrò nínú iye ilé láti $40,000 sí $100,000 lórí ti school district, oṣù kọkànlá 2025 wọ́n tún gbé e dé $140,000. Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá ní ilé yín tó $300,000, orí $160,000 ni school district máa ti ṣírò tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, láti ọdún kejì, iye tí wọ́n fi ń ṣírò ò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún kan.

Tí lẹ́tà iye ilé bá wá dé, ní nǹkan bí April, ẹ má jù ú sórí fíríìjì. Títí di May 15 tàbí ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù, lẹ ní láti sọ pé ẹ ò gbà. Èmi fúnra mi lọ. Ilé mi ti sán nísàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí dé abẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, mo gbé kọ́ìnì quarter sínú ibi tó sán, ó wọlé pátápátá, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo gba ìwé iye tí wọ́n máa gbà tún un ṣe lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ méjì, mo tẹ gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní appraisal district wo fọ́tò quarter yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo fọwọ́ sí iye báyìí, ó dín $22,000 kúrò. Mi ò tiẹ̀ dé iwájú Appraisal Review Board, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò gba iye ilé ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí kí n tó lọ, mo rò pé wọ́n á fi gẹ̀ẹ́sì rán mi nílé, fọ́tò ló sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìkẹyìn láti san owó fúnra ẹ̀ ni January 31. Tó bá di February 1, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ti gorí ẹ̀ ní kíá. Tí báńkì bá ń bá yín san án nínú escrow, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín pa mọ́ fún un, ẹ ṣì máa wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì Tax Office pé wọ́n san án, ilé yín ni, kì í ṣe ilé báńkì.

Kọ́lá_Alàgbàṣe fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Àgbà_Káńtà ẹ kú iṣẹ́, ẹ fo Constable àti Sheriff. Mo ṣiṣẹ́ kíkùn ilé fún ẹnì kan, kò sanwó mi, $6,800, ó ń fi mí ṣeré. Ta ni mo máa bá nínú gbogbo wọn? Mo pe Sheriff, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe tàwọn.

Àgbà_Káńtà fèsì pé:

Kọ́lá, Justice of the Peace ni kó o lọ, JP là ń pè é. Òun ni kọ́ọ̀tù tó sún mọ́ aráàlú jù, ọ̀rọ̀ owó tí kò ju $20,000 lọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti September 2020. Ọ̀rọ̀ lílé ayálégbé jáde náà ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. O lè ṣe é láìgba lọ́yà. JP precinct tí ẹni yẹn ń gbé tàbí ibi tó yẹ kó ti sanwó fún ẹ ni kó o lọ, ẹ̀ka JP pọ̀ nínú káúńtì kan, má lọ sí èyí tó bá ṣáà sún mọ́ ilé ẹ. Kó àdéhùn yín, téèsì orí fóònù, fọ́tò iṣẹ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, rìsíìtì ọ̀dà, kó gbogbo ẹ̀ dání. Constable ló máa mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ Constable nìyẹn, ìwé kọ́ọ̀tù fífún èèyàn àti mímú ìdájọ́ ṣẹ. Sheriff ló ni ọgbà ẹ̀wọ̀n káúńtì, òun ló sì ń ṣe ọlọ́pàá níta ìlú.

Auditor àti Treasurer kì í bá aráàlú pàdé púpọ̀. Treasurer ń tọ́jú owó tó wọlé, àwọn káúńtì kan tiẹ̀ ti fi ìbò pa ọ́fíìsì náà rẹ́, Galveston ṣe é ní 2023. Auditor, a kì í dìbò yàn án, àwọn adájọ́ district ló ń yàn án, kí àwọn Commissioners tó ń náwó má bàa jẹ́ ọ̀gá ẹni tó ń yẹ ìnáwó wò. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bébà tí a fẹ́ fi tẹ ìwé gan-an, tí Auditor ò bá tíì fọwọ́ sí i, olówó ẹ̀ ò ní gbowó.

Ará_Gwinnett fèsì pé:

Ẹ má bínú mo yà sọ́rọ̀ yín, ẹ̀yin tó bá ń ka èyí láti ìpínlẹ̀ míì, ẹ má gbé ti Texas lọ síbẹ̀ o. Georgia ni mo wà, káúńtì 159, níbí Probate Court ló ń fún èèyàn ní ìwé ìgbéyàwó, wọn kì í ní kó dúró fún wákàtí kankan, ìwé ilé wà lọ́dọ̀ Clerk of Superior Court, Tax Commissioner ló ń gba owó orí ilé àti ti nọ́ńbà mọ́tò, Board of Assessors ló ń díye lé ilé, homestead wa April 1 ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Prince George's ní Maryland, ti wọn tún yàtọ̀, ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń díye lé ilé lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, Clerk of the Circuit Court ló ní ìwé ilé àti ìwé ìgbéyàwó, wọ́n sì ní County Executive tí wọ́n dìbò yàn, òun jọ ọ̀gá ju County Judge tiyín lọ. Ní Louisiana wọn ò pè é ní káúńtì, parish ni wọ́n ń pè é. Ní Connecticut, wọ́n ti fòpin sí ìjọba káúńtì láti 1960, ìlú ni gbogbo nǹkan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Torí náà orúkọ káúńtì yín àti ìpínlẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ kẹ́ ẹ tó béèrè nǹkan, tí èèyàn bá fi ìmọ̀ràn Texas ṣiṣẹ́ ní Georgia, á tún rìnrìn òfo ni.

ÌyáÀdùkẹ́ fèsì pé:

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún yín, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ọkọ mi ti kọ òótọ́ sínú fọ́ọ̀mù jury, ó ti fi ránṣẹ́, a ya fọ́tò. Lẹ́tà àmì idì, a wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí ló rí, lẹ́tà tó kéré bí orí èèrà, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ìjọba. Ó kù díẹ̀ kí n san án o, mo ti mú káàdì mi jáde. Homestead ni mo bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná lórí fóònù, ibi tí Adúnní sọ ni mo kọsẹ̀ sí lóòótọ́, adírẹ́sì ilé tí a ti kó kúrò ló wà lórí láísẹ́ǹsì mi, mo ti pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ DPS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mò ń retí káàdì tuntun.

Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò nìkan ló kù. Tax Office tí wọ́n ti dá mi padà yẹn náà ni àbí ibòmíràn?

Àgbà_Káńtà fèsì pé:

Ibẹ̀ náà ni, ìyá. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò ní dá yín padà. Tax Assessor-Collector ló ń bá ìpínlẹ̀ ṣe ìwé mọ́tò àti nọ́ńbà. Ọjọ́ 30 lẹ ní látọjọ́ tí ẹ ra mọ́tò, tó bá ti kọjá, ẹ tètè lọ kí owó ìtanràn má pọ̀ sí i. Ìwé mọ́tò tí ẹni tó tà á ti buwọ́ lù lẹ́yìn, fọ́ọ̀mù 130-U tí òun àti ọkọ yín jọ buwọ́ lù, ìwé ìbánigbófò mọ́tò, ID ọkọ yín. Owó orí ẹ̀ jẹ́ ìdá 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ rà á, àmọ́ tí iye tí ẹ kọ bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, iye tí ìpínlẹ̀ fojú bù fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa wò. Tó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó tà á bá ọkọ yín lọ, kí wọ́n jọ dúró ní káńtà, torí tí ìbuwọ́lù kan bá kù, wọn ò ní gbà á, ẹni tó ta mọ́tò tó ti gbowó sì lè má gbé fóònù mọ́. Ọ̀pọ̀ Tax Office ló ní ibi tí èèyàn ti lè gba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbà á, kí ọkọ yín má bàa tò fún wákàtí méjì tí ẹ̀yin tò.

Ẹ lọ sùn, ìyá.